Àyè Ìyá Kan Ló Wà Lórí Fọ́ọ̀mù

Ọjọ́ kẹta tí Màámi kú ni ìméèlì wọlé sórí fóònù mi láti ibi iṣẹ́ mi ní Houston l'Amẹ́ríkà. Orí àpótí ni mo jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Màámi ní Odò-Ọnà, n'Íbàdàn. Àwọn ìyàwó ilé ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn mi, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò ń já àga ìyálò sílẹ̀ látinú ọkọ̀. Obìnrin HR, ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tó kọ̀wé náà kọ́kọ́ bá mi kẹ́dùn dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé ìsinmi tí wọ́n fún mi láti tọ́jú aláìsàn ti parí lọ́jọ́ tí aláìsàn náà dákẹ́. Ó ní ilé iṣẹ́ wa ń fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n immediate family, ìyẹn ẹbí tó sún mọ́ni jù, nìkan ni wọ́n ń fún un lé lórí. Kí n fi ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé ìbí tèmi ránṣẹ́ kí wọ́n lè rí i pé ìyá mi ló kú.

Mi ò nílò láti wá ìwé ìbí mi jáde. Mo mọ̀ pé orúkọ Màámi kò sí níbẹ̀.

Mo ń kọ èyí nítorí àwa tí kì í ṣe ẹni tó bí wa ló tọ́ wa. A pọ̀ gan-an nínú ọmọ Yorùbá, nílé àti lókè òkun. A kì í ronú nípa rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó bi wá léèrè rí. Ọjọ́ tí ìwé bá bi wá ni a máa ń mọ̀ pé ìdáhùn tó wà lẹ́nu wa kò bá àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ mu.

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ní 1985 nígbà tí Màámi wá kí àbúrò rẹ̀, ìyẹn ìyá tó bí mi lọ́mọ. Ó lo ọjọ́ méjì. Nígbà tó ń múra àtilọ, ó ní, "Jẹ́ kí n mú èyí dání." Ìyá mi ní, "Ẹ máa mú un lọ, Àǹtí mi, ọmọ yín ni." Wọ́n di aṣọ mi sínú báàgì Ghana-must-go kékeré kan, mo sì wọ ọkọ̀ Ìbàdàn. Gbogbo ètò náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n lọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní kóòtù lọ́jọ́ yẹn, èébú ni ìyá mi ì bá kà á sí: ṣé ó fẹ́ ta ọmọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni?

Ọlọ́run kò fún Màámi lọ́mọ inú. Ó ń ta aṣọ ní Gbági, àǹkárá àti léèsì, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń pè é ní Ìyá Aláṣọ. Àwa márùn-ún ló tọ́: èmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ méjì, ọmọ ìbátan kan láti Ìsẹ́yìn, àti ọmọkùnrin aládùúgbò kan tí ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjì. Abọ́ kan náà la fi ń jẹun. Tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn, mo ní ẹ̀gbọ́n mi, mo ní àbúrò mi. Èdè wa kò fún mi ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ pé ẹnì kan jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi bí kò ṣe pé kí n tẹ̀ lé okùn náà láti orí dé ìdí. A ní iyèkan fún àwọn tí ìyá so pọ̀, a ní ọbàkan fún àwọn tí bàbá so pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ń pín ogún tàbí tí ìjà bá dé ni. Ọmọ kì í lò ó nídìí oúnjẹ.

Màámi ni mo ń pè é. Ẹni tó bí mi, Ìyá Ṣakí ni mo ń pè. Màámi fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, kí n má baà gbàgbé ibi tí mo ti wá.

Ní 2006, mo jẹ lọ́tìrì físà, mo sì kó lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo di ọmọ onílùú ní 2012, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n mú Màámi wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni lọ́yà tí mo lọ bá, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Bissonnet níbi tí àwọn ará wa ti pọ̀ sí ní Houston. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó béèrè pé, "Ṣé wọ́n gbà yín ṣọmọ ní kóòtù kí ẹ tó pé ọdún 16?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, sà. Ta ló ń lọ sí kóòtù gba ọmọ àbúrò rẹ̀?"

Ó mi orí. Ó wá là á fún mi. Nínú òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n ń pè ní immediate relative ọmọ onílùú kò pọ̀ rárá: ọkọ tàbí aya rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 21 tí kò sì tíì ṣègbéyàwó, àti òbí rẹ̀, bí òun fúnra rẹ̀ bá ti pé ọdún 21. Àwọn wọ̀nyí kì í tò, nítorí kò sí iye físà tí wọ́n dá fún wọn lọ́dún. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń tò ní tiwọn. Físà 65,000 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú wọn lọ́dún, fún gbogbo àgbáyé, ìlà náà sì gùn débi pé ní 2025 àwọn tí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù fún ní nǹkan bí ọdún 2008 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàn. Ẹ̀gbọ́n ìyá kò sí lórí ìlà kankan. Ìyá àgbà kò sí níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni kò sí níbẹ̀.

Ohun tó sọ tẹ̀ lé e ni mi ò gbàgbé. Ó ní ká ní wọ́n ti gbà mí ṣọmọ ní kóòtù nígbà tí mo kéré, tí mo sì fi ìwé yẹn mú Màámi wá, òfin kò ní jẹ́ kí n kọ fọ́ọ̀mù fún Ìyá Ṣakí mọ́ láé. Ẹni tí wọ́n bá gbà ṣọmọ kò lè padà wá fi ìbí mú ẹni tó bí i wọlé. Ìyẹn ni pé òfin náà kò sọ pé ìyá tó bí ni ló tóbi jù, kò sì sọ pé ìyá tó tọ́ni kì í ṣe ìyá. Ohun tó ń sọ ni pé kí n mú ọ̀kan.

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n má da ara mi láàmú. Kí n ní kí wọ́n lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù n'Íbàdàn pé Màámi ló bí mi, kí n kọ orúkọ rẹ̀ sí àyè ìyá. "Ta ló máa mọ̀?" Mo máa sọ òtítọ́, mo rò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Lọ́yà ti kìlọ̀ fún mi pé ẹ́ḿbásì lè ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò DNA, àti pé ẹni tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí ayé. Ẹ̀rù yẹn bà mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dá mi dúró. Ohun tó dá mi dúró ni pé kí n tó lè kọ orúkọ Màámi, mo ní láti pa orúkọ Ìyá Ṣakí rẹ́. Obìnrin tó rù mí fún oṣù mẹ́sàn-án, tó tún fi mí sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láì béèrè kọ́bọ̀, kí èmi wá fi bírò sọ pé kì í ṣe òun. Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́.

Mo pe Màámi, mo ṣàlàyé fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Ó wá ní, "Àbẹ̀kẹ́, mú ìyá rẹ lọ. Èmi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù, ta ni n óò fi í lé lọ́wọ́?" Ìyá Ṣakí dé ní 2014. Nínú ẹrù rẹ̀, èlùbọ́ wà tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù mẹ́ta wé, wọ́n lẹ téèpù mọ́ ọn lára, Màámi sì fi bírò kọ ọ́ sórí téèpù náà: *Ti Àbẹ̀kẹ́. Ẹ má ṣe tú u lọ́nà.* Mo ṣì ní téèpù náà lọ́wọ́.

Ní oṣù kejì ọdún 2019, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún Màámi rọ. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè níbi iṣẹ́ kí n lọ tọ́jú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ túmọ̀ sí fún ẹni tí irú àìsàn yẹn bá kọ lù. Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe rèé, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí fi sọ́kàn: mo kọ "aunt" sórí fọ́ọ̀mù. Òun ni Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wa fún ẹ̀gbọ́n ìyá. Wọ́n dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní 1993, tó fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 12 lọ́dún láìgbowó láti tọ́jú ẹbí tó ń ṣàìsàn, ọkọ tàbí aya, ọmọ, àti òbí ló mọ̀. Kò mọ aunt. Kò tilẹ̀ mọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Kò mọ àna pẹ̀lú: ọkọ mi kò lè fi òfin yẹn gba àyè láti tọ́jú ìyá mi, ì báà jẹ́ Ìyá Ṣakí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìbí mi.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti pẹ́ níbi iṣẹ́ náà, ọmọ Èkìtì, rí mi níbi tí mo jókòó sí ní yàrá ìsinmi. Ó bi mí pé, "Ta ló tọ́ ẹ dàgbà?" Mo ní Màámi ni. Ó ní, "Nígbà náà, kí ló dé tí o kọ aunt?" Òun ló sọ fún mi pé nínú òfin yẹn kan náà, òbí kì í ṣe ẹni tó bí ni nìkan. Ẹni tó dúró ní ipò òbí fún òṣìṣẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé, òbí ni. Wọn kò béèrè ẹ̀jẹ̀, wọn kò béèrè ìwé kóòtù. Ohun tí wọ́n ń wò ni ta ló ń tọ́jú ọmọ náà lójoojúmọ́ tàbí ta ló ń náwó lé e lórí. Lẹ́tà tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Mo kọ lẹ́tà náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn lórí tábìlì ilé ìdáná. Mo kọ ọ́ pé láti 1985 títí mo fi wọ yunifásítì, ilé obìnrin yìí ni mo ń gbé, òun ló ń bọ́ mi, òun ló ń san owó ilé ìwé mi, òun ló dúró tì mí ní ọsibítù nígbà tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun mú mi ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo kọ ọ́ tán, mo sunkún, nítorí mi ò tíì kà á lẹ́sẹẹsẹ rí ohun tó ṣe fún mi. Dókítà n'Íbàdàn fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìṣègùn, ibi iṣẹ́ mi sì gbà á, nítorí òfin ní bí aláìsàn bá wà ní ilẹ̀ mìíràn, kí wọ́n gba ìwé dókítà ilẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fọwọ́ sí.

Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń yí i padà lórí ibùsùn ní wákàtí méjì méjì. Ọ̀rọ̀ kò yọ lẹ́nu rẹ̀ dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ mi mú. Ọjọ́ kọkàndínlógún tí mo dé ni ó lọ, ní ìdájí.

Ní báyìí, ẹ ó rí bí ìméèlì yẹn ṣe rí lójú mi. Nígbà tí Màámi ṣì ń mí, òfin gbà pé ìyá mi ni. Bó ṣe dákẹ́, òfin yẹn kò ní ohun tó kàn án mọ́, nítorí ti ìtọ́jú aláìsàn ni, kì í ṣe ti ìsìnkú. Kò sí òfin àpapọ̀ tó ní kí ilé iṣẹ́ aládàáni fún òṣìṣẹ́ láyè lọ sìnkú ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọmọ rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òfin tiwọn, Oregon àti Illinois wà lára wọn, ṣùgbọ́n Texas ni mo wà. Nítorí náà, ìwé ìlànà ilé iṣẹ́ ló kù, ìwé ìlànà náà sì ka àwọn tó jẹ́ immediate family lọ́kọ̀ọ̀kan: ọkọ, aya, ọmọ, òbí, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, òbí àgbà. Mo fi lẹ́tà mi àtijọ́ ránṣẹ́. Obìnrin HR náà fèsì pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ pé ti òfin ni lẹ́tà yẹn, àti pé òbí tó wà nínú ìlànà tiwọn ni èyí tó wà nínú ìwé ìbí.

Mi ò bínú sí i. Ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ló kà. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù nínú ìsinmi ọdọọdún mi ni mo lò, mo fi ọjọ́ díẹ̀ láìgbowó kún un, a sì sin Màámi kíákíá ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti lè béèrè kí n tó kúrò ní Houston. Ìwé ìlànà náà wà lórí kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́. Ká ní mo ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi ṣáájú pé ẹni tí wọ́n gbà ní òbí fún ìtọ́jú ni wọn yóò gbà ní òbí fún ọ̀fọ̀, bóyá wọn ì bá gbà, bóyá wọn ì bá kọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní máa bá wọn fa ọ̀rọ̀ nígbà tí òkú wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹbí nínú ìwé kan kò de ìwé kejì. Mi ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀.

Ní ibi ìsìnkú, nǹkan yàtọ̀. Bàbá Ìsẹ́yìn, àbúrò Màámi ọkùnrin, ló kọ pátákó òkú. Ẹnì kan nínú ẹbí bi í pé ọmọ mélòó ni kí wọ́n kọ, nítorí olóògbé kò bí. Ó ní, "Márùn-ún." Ẹni náà fẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá tún un sọ, "Mo ní márùn-ún." Nígbà tí pásítọ̀ ní kí àwọn ọmọ olóògbé wá bu yẹ̀pẹ̀, àbúrò mi, ọmọ aládùúgbò yẹn, tó ti di ọkùnrin tó ga jù wá lọ, dúró sẹ́yìn. Ìyá Ṣakí ló mú un lọ́wọ́ wá síwájú. Yẹ̀pẹ̀ pupa ni, òjò ti rọ̀ sí i lálẹ́ àná, ó lẹ̀ mọ́ wa láàárín ìka.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò parí sí. Ṣùgbọ́n ilé wa pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí Màámi fi ní ilé tirẹ̀ ní Odò-Ọnà, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1994. Ọkọ rẹ̀ kú. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe, kò sí ti kóòtù. Ọkọ náà ní ìyàwó míràn tó bímọ. Nígbà tí wọ́n ń pín ogún, Màámi kò ní ìpín. Bí àṣà wa ṣe rí nìyẹn, àwọn ilé ẹjọ́ sì ti fọwọ́ sí i láti ọjọ́ pípẹ́: ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, wọ́n sọ ọ́ pé ìyàwó kì í jogún ọkọ lábẹ́ àṣà Yorùbá. Ọmọ ló ń jogún. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó kóòtù, òfin ìjọba ní ìpín fún aya. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí ni wọ́n tí wọ́n pín in bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni àwọn ìyàwó máa jọ pín níbi tí ọmọ bá wà. Màámi kò sí nínú èyíkéyìí. Ọgbọ̀n ọdún ló ti lò nílé ọkọ, báàgì mẹ́rin ló gbé jáde. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kó owó aṣọ jọ, ó sì kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin.

Ní Amẹ́ríkà, aya ló ṣáájú nínú gbogbo ìwé tí mo ti rí. Nílé wa, aya lè sin òkú, kó fárí, kó jókòó opó fún ogójì ọjọ́, kí wọ́n má sì kà á mọ́ ẹbí lọ́jọ́ ìpín. Mo nífẹ̀ẹ́ àṣà wa. Èyí kò tọ́, mo sì ń sọ ọ́ jáde báyìí nítorí mo rí obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí.

Nígbà tí Màámi fúnra rẹ̀ kú, ẹni tí kò fi ọmọ inú sílẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń jogún rẹ̀. Ìyẹn ni pé Ìyá Ṣakí àti Bàbá Ìsẹ́yìn. Àwa márùn-ún tó wà lórí pátákó kò sí nínú rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí wa kan tó jẹ́ lọ́yà ṣàlàyé fún mi pé nínú ìrònú àwọn baba wa, ìyá ni ojúkò ẹbí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín ogún ní ìdí-igi, kí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, dípò orí-ò-jorí tó ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ó tọ́ka sí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, níbi tí ọkùnrin kan l'Ékòó ti fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní 1962 pé ìdí-igi ni, ọ̀nà mẹ́rin, kì í ṣe mẹ́sàn-án. Mo lóye ìrònú náà. Okùn ọmọ ìyá yi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdí ìyá tiwa kò ní igi lójú àṣà, nítorí kò bí wa.

Báńkì ni mo kọ́kọ́ lọ. Owó tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, kò tó mílíọ̀nù méjì náírà. Orúkọ mi ni Màámi kọ sí àyè next of kin, ó sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ni mí. Nígbà tí akọ̀wé báńkì yí fọ́ọ̀mù náà sí mi kí n rí i, lẹ́tà Màámi gbọ̀ọ̀rọ̀-gbọọrọ, mo rò pé ọ̀ràn ti bùṣe. Ó ní rárá. Next of kin ni ẹni tí báńkì yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ajogún. Kí ẹbí lọ gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní ọ́fíìsì próbéètì ilé ẹjọ́ gíga, kí àwọn tí ilé ẹjọ́ bá kọ orúkọ wọn sínú rẹ̀ padà wá. Mo mọ àwọn èèyàn tó gbà pé àwọn ti pín ogún tán nítorí pé wọ́n kọ orúkọ ọmọ sí àyè next of kin. Màámi wà lára wọn. Àti ṣọ́ọ̀bù, àti ilé, àti báńkì, kò kọ wíìlì kan ṣoṣo. Ó rò pé ó ti kọ ọ́.

Mo ti padà sí Houston nígbà tí Ìyá Ṣakí àti Bàbá Ìsẹ́yìn lọ sí próbéètì. Bàbá ló ròyìn rẹ̀ fún mi lórí fóònù. Akọ̀wé ń ka àwọn ẹbí tó kù láyé sílẹ̀. Ìyá Ṣakí ní kí ó kọ orúkọ mi sí ibi tí wọ́n kọ ọmọ sí. Akọ̀wé ní, "Màmá, ṣebí ẹ ti sọ pé olóògbé kò bímọ?"

Ìyá Ṣakí ní, "Kò bí. Èmi ni mo bí i. Àǹtí mi ló ni í."

Akọ̀wé náà kọ́kọ́ dákẹ́. Bàbá ní ó gbé bírò sílẹ̀, ó wò wọ́n, ó tún gbé e. Ó ní òun gbọ́, Màmá, ṣùgbọ́n òun kò lè kọ ọ́ síbẹ̀. Ọmọ àbúrò olóògbé ló kọ.

Nígbà tí ìwé jáde, àwọn méjèèjì pè wá jọ, èmi lórí fóònù. Wọn kò gba kọ́bọ̀ nínú owó náà fún ara wọn. Wọ́n pín in sí ọ̀nà márùn-ún, orí-ò-jorí, ẹ̀gbọ́n wa méjì tó jẹ́ ọmọ ilé ọkọ Màámi wà níbẹ̀, àbúrò wa ọmọ aládùúgbò wà níbẹ̀. Wọ́n ní ilé náà kò gbọdọ̀ di títà, àbúrò wa ọmọ aládùúgbò yẹn ló sì ń gbé inú rẹ̀ báyìí pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Àwọn méjì yẹn lè kó gbogbo rẹ̀ lọ, kò sí ilé ẹjọ́ tí yóò dá wọn lẹ́bi. Gbogbo ohun tí a rí gbà, inú rere wọn la ti rí i. Mo ti rí ilé ibòmíràn tí irú inú rere bẹ́ẹ̀ kò ti sí.

Ní 2022 mo lọ kọ wíìlì tèmi. Bí ẹnì kan bá kú ní Texas láì kọ ọ́, òfin ló máa wá ẹbí rẹ̀ fún un: aya tàbí ọkọ, ọmọ, òbí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ẹ̀jẹ̀ so pọ̀ tàbí tí kóòtù fi ìwé so pọ̀. Ọkọ mi àti àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ ní tiwọn. Mo fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ fún àbúrò mi tó wà ní Odò-Ọnà. Lọ́yà béèrè bó ṣe jẹ́ sí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, láti Ṣakí, láti 1985, láti orí ìyá rẹ̀ tó kú. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní nínú wíìlì, ẹni tó bá wù mí ni mo lè fún, kò pọn dandan kó jẹ́ nǹkan kan sí mi rárá, bí orúkọ rẹ̀ bá ṣáà ti pé tí kò sì rú ẹnikẹ́ni lójú.

Ó ní kí n pe orúkọ náà fún òun, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo pè é.